Títò oríṣi mólékù méjì sójú wúrà: ìtọ́sọ́nà láti orí fífọ dé orí wíwọ̀n

Ẹ ki wúrà tó mọ́ bọ inú ẹ́tánọ̀ tí thiol díẹ̀ (mólékù ẹlẹ́wọ̀n kábọ́ọ̀nù tí imí-ọjọ́ wà ní orí rẹ̀) wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá máa yọ ọ́, àwọn mólékù thiol náà á ti tò sójú rẹ̀ láìsí ẹni tó tò wọ́n. Orí wọn, níbi tí átọ̀mù imí-ọjọ́ wà, á ti di wúrà mú. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù tó jẹ́ ìrù wọn á nà sókè. Wọ́n á wá fara ti ara wọn débi pé kò ní sí àyè láàárín wọn mọ́. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá ní kábọ́ọ̀nù 12, gbogbo ohun tó bo wúrà yẹn kò nípọn ju nǹkan bíi náńómítà kan ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, òun ló máa pinnu bóyá omi á tẹ́ sórí wúrà náà tàbí á máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò.

Tó bá jẹ́ oríṣi thiol kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà rọrùn. Ìgbà tí a bá fẹ́ kí oríṣi méjì wà lójú wúrà kan náà ni ọ̀rọ̀ ń di ọ̀rọ̀. Ìdí tí a fi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lópin: a lè fẹ́ ojú tí omi kò ní tẹ́ pátápátá tí kò sì ní yí kúrò pátápátá, a lè fẹ́ ojú tí púrótéènì kan ṣoṣo máa rọ̀ mọ́ níbi tí a bá yàn fún un, kí gbogbo ibi yòókù dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ dà pọ̀ nínú ìgò kọ́ ni ohun tí ẹ máa bá lórí wúrà. Ìgò tí thiol méjèèjì pín dọ́gba nínú rẹ̀ kì í sábà fún yín ní ojú wúrà tí wọ́n pín dọ́gba lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ìpín inú ìgò sínú ìwé iṣẹ́ wọn bíi pé òun ló wà lórí wúrà, tí wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì nígbà tí àbájáde wọn kò bá gún. Nítorí náà, apá tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó wà lórí wúrà yín gan-an, kódà bí ẹ kò bá ní ju fóònù oní-kámẹ́rà lọ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1946, Bigelow, Pickett àti Zisman ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti rí i pé àwọn mólékù olórí-àti-ìrù kan máa ń tò sójú platinum fúnra wọn. Nuzzo àti Allara ti Bell Labs ló gbé e dé orí wúrà ní 1983, pẹ̀lú mólékù tí átọ̀mù imí-ọjọ́ méjì so pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, Bain àti Whitesides ní Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í da thiol méjì pọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀kán omi, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tó ju ìyẹn lọ, wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àdàlù náà. Ẹ má fojú di ẹ̀kán omi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wúrà

Tí ojú wúrà bá tẹ́ dáadáa, tí àwọn átọ̀mù rẹ̀ tò ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta (ojú tí a ń pè ní Au(111)), thiol kọ̀ọ̀kan máa ń gba àyè tó tó 0.216 nm², imí-ọjọ́ kan sì máa ń jìnnà sí èkejì ní nǹkan bíi 0.5 nm. Ẹ ṣírò rẹ̀: mólékù tó ń lọ sí 4.6 × 10¹⁴ ló máa jókòó sórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Ìrù wọn kò dúró gangan. Wọ́n máa ń dagun tó bíi 30° kí wọ́n lè fara kanra.

Wọn kì í tò lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àyè tó wà ti kún, ṣùgbọ́n jàgídíjàgan ni wọ́n ṣì wà: ìrù wọn ká, àwọn kan dùbúlẹ̀, ìdọ̀tí sì há sáàárín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wákàtí tó gùn, tí wọ́n á máa nàró díẹ̀díẹ̀, tí èyí tó jókòó síbi tí kò yẹ á ṣí, tí òmíràn á sì wọlé. Ìpele kejì yìí ni ẹ ń dúró dè di ọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ oríṣi méjì ló wà nínú ìgò, àsìkò yìí náà ni wọ́n máa ń bá ara wọn du àyè. Èyí tí ìrù rẹ̀ gùn ń borí, nítorí ìrù gígùn ń rí ibi púpọ̀ fara kan. Ẹ́tánọ̀ náà sì ń dá sí i: èyí tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ fẹ́ràn ẹ́tánọ̀ kò kánjú láti kúrò nínú rẹ̀, èyí tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á sáré lọ bá wúrà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ wúrà? Fàdákà àti bàbà náà gba thiol, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bà wọ́n jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bàbà ló sì burú jù. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kó fi wúrà kọ́ ọ.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Thiol méjì tí mo máa lò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni 1-dodecanethiol, tí ìrù rẹ̀ parí sí CH₃ tó kórìíra omi, àti 11-mercapto-1-undecanol, tí ìrù rẹ̀ parí sí OH tó fẹ́ràn omi. Mo máa pe àkọ́kọ́ ní C12, mo máa pe èkejì ní C11OH. Mo yàn wọ́n nítorí pé gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí àbájáde bá yí padà, ṣóńṣó ìrù ló fà á, kì í ṣe pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Wọn kò wọ́n bí àwọn thiol àkànṣe, omi sì lè sọ ìyàtọ̀ wọn fún yín lójú ẹsẹ̀.

Wúrà tí ẹ máa lò, ẹ rà á ní èyí tí wọ́n ti fẹ́ sórí gíláàsì tàbí sílíkọ́ọ̀nù: chromium tàbí titanium bíi 5 nm nísàlẹ̀ kí wúrà lè lẹ̀, wúrà 50 sí 100 nm lókè. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ́tánọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní omi, tó mọ́ fún iṣẹ́ láàbù. Sípíríìtì oníbúlúù ọjà kò ṣe é lò rárá, èyí tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn náà kò dára tó. Ohun tí wọ́n fi sínú wọn á bá thiol yín du àyè. Ìgò gíláàsì kékeré tí ìdérí rẹ̀ ní Teflon nínú ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike tàbí rọ́bà, torí ẹ́tánọ̀ máa ń fa nǹkan jáde lára wọn. Ẹ tún wá ẹ̀mú irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ́, ìbọ̀wọ́ nitrile tí kò ní pọ́dà, pípẹ́ẹ̀tì, àti gáàsì náítrójìn bí ó bá wà.

C12 ń rùn, òórùn rẹ̀ sì lágídí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín síta ni kí ẹ ti máa ṣí i. Ohun èlò tó bá ti kàn án, ẹ fi ẹ́tánọ̀ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ rì í sínú omi tí bílíìṣì wà nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí bílíìṣì pàdé ásíìdì tàbí acetone.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fífọ wúrà

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Wúrà tó ń dán lójú lè dọ̀tí gan-an, nítorí ọ̀rá inú afẹ́fẹ́ máa ń bo wúrà láàárín àkókò kúkúrú, ojú kò sì lè rí i.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀rọ UV-ozone. Ẹ fi ẹ́tánọ̀ ṣan wúrà, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ, ẹ kó o sínú ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìmọ́lẹ̀ àti ozone á jó ọ̀rá náà dànù. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi ọ́kísáídì wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, èyí sì ń ba thiol jẹ́. Ẹ gbé wúrà náà tààrà sínú ẹ́tánọ̀ tó mọ́ fún ìṣẹ́jú 20 kó lè yọ ọ́kísáídì náà kúrò. Àwọn tó ń fo ibí yìí pọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kánjú lọ ṣe.

Ọ̀nà kejì ni àdàlù tí wọ́n ń pè ní piranha, ìpín mẹ́ta sulfuric acid tó le sí ìpín kan hydrogen peroxide oní 30%. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pani lára. Peroxide ni a máa ń rọra dà sínú ásíìdì, a kì í da ásíìdì sínú peroxide. Àdàlù náà á gbóná fúnra rẹ̀ kọjá 100°C. Bí ẹ́tánọ̀, acetone tàbí ọ̀rá tó pọ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀, ó lè bú gbàmù. Bí ẹ bá dé e pa, gáàsì rẹ̀ á fọ́ ìgò náà. Ẹni tí kò bá sí ọ̀gá tó ti ṣe é rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ wúrà, tí wúrà náà á sì ṣí kúrò lórí gíláàsì. Bí ẹ bá ní UV-ozone, kò sídìí fún wàhálà yìí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́? Ẹ ya wẹ́wẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ìdánwò, ẹ kán omi sí i. Omi yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá kó ara rẹ̀ jọ, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ fi dán an wò yẹn, ẹ má lò ó fún iṣẹ́ gidi. Ẹ má sì gbé àwọn yòókù sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń po oògùn, ìyẹn thiol inú ẹ́tánọ̀. Ẹ po oògùn kalẹ̀ kí ẹ tó fọ wúrà.

Ìgbésẹ̀ kejì: pípo àdàlù

Ẹ kọ́kọ́ ṣe oògùn ìpìlẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10 mM (mílímóòlù mẹ́wàá nínú lítà kan) nínú 25 mL ẹ́tánọ̀. Ìwúwo mólékù C12 jẹ́ 202.4 g/mol, nítorí náà 50.6 mg lẹ nílò. Olómi ni, 60 µL ló bá a mu. Ti C11OH jẹ́ 204.4 g/mol, ẹ wọn 51.1 mg. Bí náítrójìn bá wà, ẹ fẹ́ ẹ gba inú ẹ́tánọ̀ náà kọjá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fi thiol sí i, kí ọ́síjìn lè jáde. Ọ́síjìn máa ń so thiol méjì pọ̀ di disulfide, èyí tí kò lè bá thiol du àyè lórí wúrà. Nínú fìríìjì ni kí oògùn ìpìlẹ̀ máa gbé, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Bí iná bá ti lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i léraléra, tí oògùn ń gbóná tó tún ń tutù, ẹ po tuntun. Ó dín owó ju fífi oògùn tó ti kú bọ́ wúrà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ìgò márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 mL, tí gbogbo thiol inú rẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ 1 mM. Ẹ da 9 mL ẹ́tánọ̀ sínú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi 1 mL oògùn ìpìlẹ̀ kún un báyìí:

- Ìgò A: C11OH nìkan, 1 mL.
- Ìgò B: C12 0.25 mL, C11OH 0.75 mL.
- Ìgò D: C12 0.5 mL, C11OH 0.5 mL.
- Ìgò E: C12 0.75 mL, C11OH 0.25 mL.
- Ìgò Ẹ: C12 nìkan, 1 mL.

Ẹ má fo ìgò A àti Ẹ torí pé ẹ kò fẹ́ wọn fún iṣẹ́ yín. Àwọn ni òṣùwọ̀n; láìsí wọn, nọ́ńbà tí ẹ bá rí lórí àwọn mẹ́ta àárín kò ní ìtumọ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì láàárín thiol kan sí èkejì. C12 díẹ̀ tó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìgò A tó láti ba òṣùwọ̀n jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí wúrà wọlé

Ẹ mi ìgò dáadáa kí àdàlù ti dọ́gba kí wúrà tó wọ inú rẹ̀. Ẹ má fi wúrà sínú C12 kí ẹ tó wá máa kán C11OH lé e lórí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó kì í fẹ́ dìde, ohun tí ẹ máa rí kò sì ní jẹ́ àdàlù tí ẹ rò. Ẹ fi ẹ̀mú di etí wúrà mú, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ tó ní wúrà kọ òkè tàbí kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ẹ wò ó pé afẹ́fẹ́ kò há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dé ìgò, ẹ fi parafilm wé ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún wákàtí 18 sí 24.

Ooru yàrá kò ṣe nǹkan fún un. Ẹ́tánọ̀ tó bá fò lọ díẹ̀ kò yí ìpín thiol méjèèjì padà. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni kí ó fò débi tí wúrà á fi yọrí sókè. Ìgò márààrún ni kí ẹ kì bọ̀ ní àkókò kan náà, kí ẹ sì yọ wọ́n ní àkókò kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣíṣàn

Ẹ́tánọ̀ tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣan ojú wúrà, kó máa ṣàn kọjá fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí thiol tó kàn fara lé àwọn tó jókòó lè kúrò. Náítrójìn ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ gbẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ní epo. Bí kò bá sí náítrójìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìdérí gíláàsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀kán omi

Ẹ gbé wúrà sórí nǹkan tó tẹ́, ẹ fi ìwé funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn ìwé náà wá. Ẹ gbé fóònù sórí ìdúró tí kò ní mì, kí kámẹ́rà wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú ojú wúrà gan-an, kó má wò ó láti òkè. Bí ẹ bá ní lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń fi há ojú kámẹ́rà fóònù, ó dára púpọ̀. Ẹ kán omi tó mọ́ pátápátá, 2 sí 5 µL, kí ẹ ya fọ́tò láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ibi márùn-ún ó kéré tán lórí wúrà kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ etí. Omi tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kò tó fún èyí. Omi tí wọ́n yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni kí ẹ wá.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fọ́tò náà nínú ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn nǹkan nínú fọ́tò, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wọn igun tó wà láàárín ìpìlẹ̀ ẹ̀kán omi àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti kan wúrà. Igun tó wà nínú omi lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe tòde. Ẹ wọn apá òsì àti apá ọ̀tún. Bí wọ́n bá jìnnà síra púpọ̀, ojú ibẹ̀ kò dọ́gba tàbí kámẹ́rà yín dagun.

Wúrà inú ìgò Ẹ yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi 105° sí 112°. Ti ìgò A yẹ kó wà lábẹ́ 30°. Bí méjèèjì kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì wo àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ padà sídìí fífọ wúrà.

Báyìí ni ẹ ṣe máa mú ìpín orí wúrà jáde. Ọ̀nà ìṣirò Cassie sọ pé bí oríṣi ojú méjì bá dà pọ̀ mọ́ra, cosine igun tí ẹ rí jẹ́ ìpín ọ̀kan ní ìlọ́po cosine rẹ̀, ká fi ti èkejì kún un:

cos θ = f × cos θ₁ + (1 − f) × cos θ₂

θ₁ ni igun ìgò Ẹ, θ₂ ni ti ìgò A, f ni ìpín C12 tó wà lórí wúrà gan-an. Ẹ jẹ́ ká ní ìgò Ẹ fún yín ní 110°, ìgò A 20°. Cosine wọn jẹ́ −0.342 àti 0.940. Bí ìpín ìgò D bá jẹ́ ìdajì-ìdajì lórí wúrà náà, igun rẹ̀ yẹ kó sún mọ́ 73°. Ká wá ní ẹ wọ̀n ọ́n tán, 85° lẹ rí, cosine rẹ̀ 0.087. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 0.940, ó ku 0.853, ẹ pín in pẹ̀lú 1.282, ẹ máa rí 0.67. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ni C12 gbà lórí wúrà, bẹ́ẹ̀ ìdá 50 péré ló ní nínú ìgò. Ẹ wò ó pé ẹ̀rọ ìṣirò yín wà lórí degree, kì í ṣe radian, kí ẹ tó sọ pé Cassie ń parọ́.

Irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó yani lẹ́nu. Nínú ẹ́tánọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ jẹ́ CH₃ ló máa ń gbà ju ìpín rẹ̀ lọ, torí OH ń gbádùn ẹ́tánọ̀. Ẹ fa ìlà àwòrán kan: ìpín inú ìgò nísàlẹ̀, ìpín orí wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìlà náà bá tẹ̀ sókè, ẹ lo ìlà yẹn fúnra rẹ̀ láti pinnu ohun tí ẹ máa dà sínú ìgò nígbà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ìdajì-ìdajì lórí wúrà, kó lọ wá ibi tí ìlà ti kan 0.5, kó wo ìsàlẹ̀, kó sì po ìyẹn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́tánọ̀ tàbí ọ̀kan nínú thiol méjèèjì, ìlà náà ti di ìtàn, ẹ fa òmíràn.

Ohun tí ẹ̀kán omi kò lè sọ

Ẹ̀kán omi tóbi ju mólékù lọ ní ìlọ́po tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń sọ àpapọ̀, kò lè sọ bóyá oríṣi méjèèjì jókòó wọnú ara wọn tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ kó ara rẹ̀ jọ sí àdúgbò tirẹ̀. Ní 1994, Stranick, Weiss, Allara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi máíkíróskóòpù STM hàn pé wọ́n lè pín sí erékùṣù tí kò ju náńómítà díẹ̀ lọ, kódà bí gígùn wọn bá sún mọ́ra. Bí gígùn bá yàtọ̀ púpọ̀, ìpínyà yẹn á pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn iná mọ̀nàmọ́ná lára ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀nà kan wà tó kéré lówó. Ẹ fi wúrà náà ṣe ẹlẹ́kítíróòdù nínú KOH 0.5 M tí ẹ ti fi náítrójìn lé ọ́síjìn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ máa sọ fóltéèjì kalẹ̀ láti −0.3 V lọ sí −1.3 V lòdì sí Ag/AgCl, ẹlẹ́kítíróòdù tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà tó bá sún mọ́ −1 V, thiol á bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lórí wúrà, ẹ máa rí òkè kan lórí àwòrán. Ìwọ̀n iná abẹ́ òkè yẹn yẹ kó súnmọ́ 75 µC lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró bí ojú wúrà bá kún: ẹ fi 4.6 × 10¹⁴ mólékù ìṣáájú ṣe ìlọ́po iná ẹlẹ́kítíróònù kan, ohun tó máa jáde nìyẹn. Wúrà tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun máa ń fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òkè bá di méjì tó yàtọ̀ gédégbé, ẹ fura pé oríṣi méjèèjì ti ya àdúgbò. Ẹ rántí pé wúrà tí ẹ bá ṣe báyìí fún, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Ẹni tó bá ráyè fi wúrà ránṣẹ́ sí láàbù tó ní XPS, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X mọ irú átọ̀mù tó wà lójú nǹkan, kó wo imí-ọjọ́. Èyí tó di wúrà mú máa ń yọ ní 162 eV. Èyí tó kàn ń fò káàkiri láìdi wúrà mú máa wà láàárín 163.5 sí 164. Èyí tí afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́ máa yọ lókè 167. Ìlà kan ṣoṣo ní 162 ni ẹ ń gbàdúrà fún.

Bí nǹkan kò bá rí bó ṣe yẹ

Bí C12 nìkan bá fún yín ní 95°, wúrà kò mọ́, tàbí àsìkò kò tó, tàbí thiol náà ti di disulfide. Bí C11OH nìkan bá kọjá 40°, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀rá inú afẹ́fẹ́ ti bò ó lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́. Ojú tó fẹ́ràn omi ń yára dọ̀tí, ẹ wọ̀n ọ́n kíá. Bí igun bá yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí òmíràn lórí wúrà kan náà, ẹ wo bóyá ẹnu ẹ̀mú ti ha ojú rẹ̀, tàbí afẹ́fẹ́ há sábẹ́ rẹ̀ nínú ìgò. Bí ìgò B, D àti E bá fún yín ní igun kan náà tó sún mọ́ ti Ẹ, ẹ̀gbin kan tó kórìíra omi wà nínú ẹ́tánọ̀ yín.

Láti ibí lọ sí iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀

Àwọn tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ fún àìsàn tàbí májèlé kì í lo C12. Wọ́n sábà máa ń da 11-mercaptoundecanoic acid, tí ìrù rẹ̀ parí sí COOH, pọ̀ mọ́ 6-mercapto-1-hexanol tó kúrú, ní ìpín kan sí mẹ́sàn-án tàbí èyí tó kéré sí i. COOH ni ibi tí wọ́n máa fi EDC àti NHS, kẹ́míkà méjì tó ń so nǹkan pọ̀, so àǹtíbọ́dì mọ́. Èyí tó kúrú ń ya wọ́n síra kí àǹtíbọ́dì má bàa fún ara wọn pa. Fún 10 mL ní ìpín kan sí mẹ́sàn-án àti 1 mM, ẹ lo 0.1 mL ti COOH àti 0.9 mL ti OH láti inú oògùn ìpìlẹ̀ 10 mM, kí ẹ fi ẹ́tánọ̀ dé 10 mL. Ẹ rántí pé gígùn wọn yàtọ̀ gan-an, nítorí náà èyí tó gùn á gbà ju ìpín rẹ̀ lọ. COOH tún ní ìwà kan: àwọn ìrù rẹ̀ máa ń fa ara wọn, ìpele kejì á wá gun orí ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi trifluoroacetic acid díẹ̀, bíi 2%, sínú ẹ́tánọ̀ tí ẹ fi ń po o, tí ẹ sì fi ẹ́tánọ̀ lásán ṣàn án lẹ́yìn náà, ìyẹn á dínkù.

Fún DNA, ètò yí padà pátápátá. Herne àti Tarlov, ní NIST, ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1997 pé ó dára kí DNA oní-thiol kọ́kọ́ jókòó, kí mercaptohexanol tó wá lẹ́yìn láti lé àwọn DNA tó dùbúlẹ̀ sórí wúrà dìde. Ibí nìkan ni mo ti máa ní kí ẹ kì wúrà bọ ọ̀kan ṣáájú èkejì. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ni púrótéènì tó ń lẹ̀ síbi tí a kò rán an, Prime àti Whitesides ti fi hàn ní 1991 pé thiol tí ìrù rẹ̀ parí sí ethylene glycol máa ń lé púrótéènì sẹ́yìn. Òun ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tó kúrú nínú àdàlù yín.

Ìpamọ́ àti ìdọ̀tí

Wúrà tí ẹ ti ṣe tán, ẹ fi í sínú àpótí tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí náítrójìn kún un, kó wà nínú òkùnkùn, kí ẹ lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ozone inú afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́; ó ń sọ imí-ọjọ́ di sulfonate, tí omi tàbí ẹ́tánọ̀ lásán lè wá ṣàn kúrò. Nítorí náà, ẹ má gbé e sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ UV-ozone. Ẹ má sì gbé e síbi tó gbóná kọjá 60°C, thiol á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ́tánọ̀ tí thiol wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ síńkì. Òórùn rẹ̀ á gba inú páìpù kárí gbogbo ilé. Inú ìgò ìdọ̀tí tó ní ìdérí ni kó lọ. Kí ẹ kọ ọ́ sára ìgò náà pé thiol ló wà níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa da bílíìṣì tàbí piranha lé e lórí.